Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ló Ń Yan Àpọ́nlé Rẹ̀

Bí òjò bá rọ̀ ní Hwolshe lóṣù Keje, kì í rọ̀ ní ìrọ̀ yẹpẹrẹ. Gúúsù ìlú Jos ni Hwolshe wà, lórí òkè tútù Plateau, níbi tí Bẹ̀rọ́mù, Hausa, Yorùbá, Ìgbò àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn ti jọ ń gbé, tí wọ́n ń fi Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ara wọn yé. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn òjò náà lọ́jọ́ kejì lè sọ pé "It rained seriously." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ohun tó wí, kò sì sẹ́ni tí yóò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé ìdánwò, olùkọ́ á fi bírò pupa fagi lé "seriously", á kọ "heavily" sórí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣebí wọ́n ń sọ pé "seriously injured" fún ẹni tó fara pa gan-an? Kí ló dé tí ọgbẹ́ fi lè jẹ́ "seriously" tí òjò kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè náà dà bí eré, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ èdè ti ń bá a fà á. Àwọn kan ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ká máa wò. Àwọn kan ní àṣà ni, pé ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fetí sí bí àwọn onílé ṣe ń sọ ọ́. Àwọn mìíràn tún ní Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ti tó dá dúró, kí àwọn olùkọ́ fi bírò pupa wọn sí àpò. Ohun tí èmi rí nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń yan àpọ́nlé tí yóò bá a rìn, àti pé ọmọ Yorùbá ló yẹ kí èyí tètè yé ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èdè tirẹ̀ ṣe rí.

Ibi tí gírámà lè ràn wá lọ́wọ́ dé

Iṣẹ́ méjì ni ọ̀rọ̀-àpọ́nlé lè ṣe fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó lè sọ bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan. Ó sì lè sọ bí nǹkan náà ṣe jinlẹ̀ tó. Nínú "He treated her badly", ìwà burúkú ni ọkùnrin náà hù sí obìnrin yẹn. Nínú "She badly needs money", ẹnikẹ́ni kò hùwà burúkú. Owó ni obìnrin náà ń wá lójú méjèèjì. Iṣẹ́ kejì yìí, fífi agbára kún ọ̀rọ̀, ni a ń sọ.

Ìwé gírámà ńlá tí Randolph Quirk, Sidney Greenbaum, Geoffrey Leech àti Jan Svartvik gbé jáde ní 1985 pín irú àwọn àpọ́nlé bẹ́ẹ̀ sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Àwọn kan wà tó ń gbé nǹkan dé òpin rẹ̀, bí "completely", "entirely", "fully", "absolutely" àti "utterly". Àwọn kan ń gbé e ga láì dé òpin: "greatly", "deeply", "badly", "strongly". Àwọn kan sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, bí "slightly" àti "hardly". Àwọn ọ̀wọ́ méjì àkọ́kọ́ ló ń da àwọn ènìyàn wa láàmú jù.

Gírámà ní òfin méjì tó lágbára lórí wọn. Àkọ́kọ́ ni pé "very" nìkan kò lè dúró níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé "I very like it". "I very much like it" ni. Òfin kejì jẹ́ ti ààyè. Ẹ̀yìn ni Yorùbá ń fi àpọ́nlé báyìí sí: mo fẹ́ràn ọbẹ̀ yìí gan-an. Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí ohunkóhun wọ àárín ọ̀rọ̀-ìṣe àti ohun tó gbà á, nítorí náà "I like very much this soup" kò dọ́gba létí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó parí sí "-ly" ló sì máa ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí èyí lè sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. "He badly wanted to sing" túmọ̀ sí pé orin ń gbọ̀n ọ́n lára. Ṣùgbọ́n tí a bá ní "He wanted to sing badly", ẹlòmíràn á gbọ́ ọ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ba orin náà jẹ́.

Lẹ́yìn òfin méjì yìí, gírámà dákẹ́. Kò lè sọ ìdí tí "I badly need" fi dára tí "I badly admire" kò fi dára. Àpọ́nlé kan náà ni, ààyè kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì sì jẹ́ ti ọkàn. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò tí Greenbaum gbé kalẹ̀

Ọdún 1959 ni Quirk dá iṣẹ́ ìwádìí kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Survey of English Usage, iṣẹ́ tó fìdí kalẹ̀ sí University College London. Greenbaum jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 1970, ó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí ọ̀rọ̀-ìṣe àti àpọ́nlé tó ń fi agbára kún un. Ọgbọ́n tó dá rọrùn. Ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó ní kí wọ́n parí rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n: "I badly…", "I entirely…", "I completely…", "I utterly…".

Tó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, ìdáhùn ì bá fọ́n ká. Ṣebí "entirely" àti "completely" kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìyàtọ̀ nínú ìwé atúmọ̀-èdè. Àmọ́ ìdáhùn náà kò fọ́n ká. Ẹni tó rí "badly" sáré lọ bá "need" tàbí "want". Ẹni tó rí "entirely" lọ bá "agree". "Completely" ń fa "forgot" jáde, "utterly" sì ń fa ọ̀rọ̀ ìkórìíra àti ìkọ̀sílẹ̀. Ní 1974, Greenbaum gbé èsì àwọn ará Amẹ́ríkà sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò sì bá ara mu níbi gbogbo. Èyí já sí pé àwọn tó ni èdè ló ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, kì í ṣe làákàyè lásán. Ìlú tó bá yàtọ̀, ìsopọ̀ lè yàtọ̀.

Kì í ṣe Greenbaum ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. J. R. Firth, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì London, ti ń kọ́ àwọn ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 pé apá kan ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ń bá kẹ́gbẹ́. Ohun tí ìgbà Firth kò ní ni kọ̀ǹpútà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, John Sinclair àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Birmingham kó àìmọye gbólóhùn jọ látinú ìwé, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ ẹnu, wọ́n sì fi ṣe ìwé atúmọ̀-èdè COBUILD tó jáde ní 1987.

Ọmọ Áfíríkà náà kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí. Bill Louw, olùkọ́ ní Yunifásítì Zimbabwe, wọ inú àkójọ Birmingham lọ, ó sì wo ohun tó ń tẹ̀lé "utterly". Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ohun tí kò dára: ìparun, ìtìjú, ìkùnà. Nínú àpilẹ̀kọ tó ṣe ní 1993, Louw ní ọ̀rọ̀ tó bá ti pẹ́ láàárín ẹgbẹ́ burúkú máa ń gbé òórùn ẹgbẹ́ náà kiri. Bí ẹni kan bá lò ó fún ohun rere, òǹkàwé á fura: ṣé àwàdà ló ń ṣe ni, àbí kò dá a lójú? Ní 2003, Graeme Kennedy láti New Zealand ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí British National Corpus, àkójọ tó ní mílíọ̀nù 100 ọ̀rọ̀. Ó rí i pé àpọ́nlé kọ̀ọ̀kan ní agbo tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé atúmọ̀-èdè máa ń fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì.

Agbo kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀

Bí a bá wo àwọn agbo yìí dáadáa, a ó rí i pé wọn kò wà lásán. Ẹ mú "profusely". Ibi tí ènìyàn ti sábà máa ń pàdé rẹ̀ ni òógùn, ẹ̀jẹ̀, ọpẹ́ àti ẹ̀bẹ̀: "sweat profusely", "bleed profusely", "thank profusely", "apologise profusely". Gbogbo wọn jẹ́ ohun tó ń ṣàn, yálà láti ara ni o, tàbí láti ẹnu. "Heavily" ń tẹ̀lé ohun tó ń pọ̀ jọ tàbí tó ń di ẹrù: òjò, ọtí, sìgá, gbèsè, àti gbígbé ara lé ẹlòmíràn. Òun ló fà á tí wọ́n fi ń sọ "rain heavily", "drink heavily", "borrow heavily" àti "rely heavily". "Bitterly" ń bá ẹkún, ẹ̀sùn àti àbámọ̀ rìn. "Flatly" kò ní ọ̀rẹ́ púpọ̀; kíkọ̀ àti sísẹ́ ló mọ̀, bí "flatly refuse". "Categorically" fẹ́ràn "deny". "Strongly" jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ tì ọ́ sí ibì kan tàbí tó fẹ́ dí ọ lọ́nà: "strongly advise", "strongly recommend", "strongly oppose", "strongly suspect". "Firmly" bá "believe" lọ, "sincerely" bá "hope" lọ, "fully" bá "understand" àti "support" lọ, "greatly" bá "admire" àti "appreciate" lọ, "deeply" sì bá "regret" lọ. "Sorely" ń bá "miss" kẹ́gbẹ́, nítorí náà ló ṣe pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére fún òkú.

Ìwà agbo yìí jẹ́ àmì ojú ọ̀nà, kì í ṣe òfin. "Recommend" gba "strongly", ó sì gba "highly". "Advise" gba "strongly" ṣùgbọ́n ó kọ "highly" pátápátá. Ènìyàn lè wá ìdí fún un: pé "highly" ń sọ iye tí a fi nǹkan sí, bí "highly value" àti "highly regard", àti pé ẹni tó ń dámọ̀ràn ènìyàn fún iṣẹ́ ń dá iye lé e, ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn kò dá iye lé nǹkan kan. Ìdí náà bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ẹ̀yìn tí etí ti gba ọ̀rọ̀ tán ni irú ìdí bẹ́ẹ̀ máa ń yọjú. Kò sẹ́ni tó fi í kọ́ èdè abínibí rẹ̀.

"Badly" fúnra rẹ̀ tún kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ibi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti wá ni ibi, síbẹ̀ kò sí ibi kankan nínú "badly need". Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe báyìí fún "terribly" àti "awfully", tí wọ́n jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rù tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di ọ̀rọ̀ tí ń fi agbára kún ọ̀rọ̀. Kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Ṣebí a ń sọ pé ọmọ náà mọ̀wé burúkú, pé ebi ń pa mí burúkú, pé ìyẹn lówó burúkú? Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé "burúkú" tiwa ń rìn gbéregbère, ó lè bá ọ̀rọ̀ tó wù ú rìn. "Badly" ti Gẹ̀ẹ́sì kò jìnnà sílé: àìní, ìfẹ́ ọkàn, ọgbẹ́, ìbàjẹ́, àárò ẹni.

Ohun tí Vidal rí lára èdè wa

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ ká dúró díẹ̀. Ní 1852, ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther ṣe jáde ní London. O. E. Vidal, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn láti di Bíṣọ́ọ̀bù Sẹrá Lóònù, ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. Nínú àwọn ohun tó jọ ọ́ lójú jù lára Yorùbá ni àpọ́nlé wà. Ó ṣàkíyèsí pé a kì í fi àpọ́nlé kan ṣoṣo fi agbára kún gbogbo ọ̀rọ̀, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-àpèjúwe kọ̀ọ̀kan ló ní àpọ́nlé tirẹ̀ tó bá a mu. Ó kù díẹ̀ kó pé ọgọ́fà ọdún kí Greenbaum tó dán ti Gẹ̀ẹ́sì wò, Gẹ̀ẹ́sì kan ti rí i lára Yorùbá.

Òótọ́ ni Vidal sọ. Òkè ga fíofío. Ojú pọ́n, aṣọ sì pupa fòò. Aṣọ mìíràn funfun báláú. Ilé mọ́ tónítóní, ọmọ sùn fọnfọn, ìkòkò kún dẹ́múdẹ́mú, omi tutù nini, ọ̀nà gùn gbọọrọ. Bí ẹnìkan bá ní aṣọ náà pupa fíofío, tàbí pé ọmọ náà sùn fòò, ọmọ ọdún márùn-ún tó gbọ́ Yorùbá á fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sì sí olùkọ́ tó fi gírámà kọ́ ọmọ náà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì papọ̀, ó sì gbà wọ́n wọlé papọ̀.

Kì í ṣe àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ya àwòrán nìkan ló ń ṣe báyìí. Ẹni tó bá kọ nǹkan láì fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Kì í kọ̀ fọnfọn. Ẹni tó bá sẹ́ ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn sẹ́ kanlẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn dùn wọ egungun sunkún kíkorò. Ẹ gbé ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ wọn: "flatly refuse", "categorically deny", "weep bitterly". Níbi ẹkún, ìkorò wà nínú àwọn méjèèjì. Níbi kíkọ̀ àti sísẹ́, ọ̀rọ̀ kò jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: àpọ́nlé tó mọ ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí kì í yà bàrá sí ibòmíràn.

Ọmọ Yorùbá tó ń dàgbà ní Hwolshe tún ní àǹfààní kejì. Hausa tó ń gbọ́ lọ́jà kò yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun pupa jẹ́ "ja wur", ohun funfun jẹ́ "fari fat", ohun dúdú jẹ́ "baƙi ƙirin". Kò sí ẹni tó ń pààrọ̀ wọn. Ọmọ yìí ti ní èdè méjì lẹ́nu tó ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ kan kì í bá gbogbo ọ̀rọ̀ rìn. Kí ló dé nígbà náà tó fi dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di "seriously" sí ohun gbogbo?

Mo rò pé ìdí kan ni pé ìtumọ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kọ́ ọ. Wọ́n ń kọ́ ọ pé "greatly", "deeply" àti "strongly" jẹ́ "gan-an", ó sì gbà pé èyí tó bá wà nítòsí ló lè mú. Ìdí kejì wà nílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá lónìí ló ti fi fòò àti fíofío sílẹ̀ nínú Yorùbá tiwọn. Ó ga gan-an, ó pupa gan-an, ó sùn gan-an. Ẹni tí "gan-an" ti gba gbogbo iṣẹ́ ṣe lẹ́nu rẹ̀ kò ní pẹ́ rí "gan-an" Gẹ̀ẹ́sì kan tí yóò gbé gbogbo ẹrù lé lórí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ìgboro wa, "seriously", "really" àti "so much" ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ yẹn.

Gẹ̀ẹ́sì tiwa ńkọ́?

Àwọn kan á ní kò sí ohun tó burú nínú "It rained seriously". Kì í ṣe àwọn aláìmọ̀wé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní Jos gan-an ni ọ̀kan lára àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ yìí jù ti ṣiṣẹ́: David Jowitt, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Jos, ilé-ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì Ìbàdàn kó tó dá dúró ní 1975. Ìwé rẹ̀ lórí ìlò Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà jáde ní 1991, òmíràn sì tẹ̀lé e ní 2019. Kò fi ọ̀pá lé àwọn ènìyàn wa kiri. Ó fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì wa ní àṣà tirẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn tí kò kàwé púpọ̀ jọ ń lò, pé a kò sì lè pe gbogbo rẹ̀ ní àṣìṣe. Ní Ìbàdàn, Herbert Igboanusi kó irú ìlò bẹ́ẹ̀ jọ sínú ìwé atúmọ̀ tó tẹ̀ ní 2002. Ní oṣù Kìíní 2020, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà kan wọlé; "severally" wà lára wọn, pẹ̀lú ìtumọ̀ tí àwa fún un, ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Greenbaum tún yọjú níbí. Òun ló dábàá ní 1988 pé kí wọ́n kó Gẹ̀ẹ́sì orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi jọ ní ìwọ̀n kan náà, nǹkan bí mílíọ̀nù kan ọ̀rọ̀ fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹnu àti ti àkọsílẹ̀. Ulrike Gut àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ló darí kíkó ti Nàìjíríà jọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Nàìjíríà ṣe ń fi agbára kún ọ̀rọ̀ kò ní máa méfò mọ́. Ó lè wò ó.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan tó fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín Gẹ̀ẹ́sì tiwa àti ti London hàn. "Too much" nínú Gẹ̀ẹ́sì London jẹ́ àròyé: nǹkan ti kọjá ìwọ̀n. Lẹ́nu wa, ìyìn ni, bí a ṣe ń sọ nínú Yorùbá pé ọmọ náà dára jù. Pijin sì ti sọ ọ́ di oríkì: "You too much!" Ẹni tó bá kọ "I love you too much" sí olólùfẹ́ rẹ̀ ní Bukuru nítòsí Jos ti ṣe dáadáa. Kí ó kọ ọ́ sí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ẹni náà lè rò pé ìfẹ́ náà ti ń ni ọ̀rẹ́ wa lára, pé ó fẹ́ já a. "I so much believe" kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé ará òkè òkun á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ibòmíràn lọ̀rọ̀ ti wá.

Ìdájọ́ tèmi rọrùn. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu láàárín ara wa, kí bírò pupa jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ lẹ́tà ìdámọ̀ràn tó ń lọ sí yunifásítì òkèèrè, ìwé tí ilé-ẹjọ́ fẹ́ kà, àti ìdánwò tí ẹlòmíràn máa gba máàkì rẹ̀ kò mọ ẹnu wa. Ẹni tó fẹ́ lo Gẹ̀ẹ́sì tiwa gbọ́dọ̀ mọ èyí tó ń lò àti ẹni tó ń gbọ́ ọ. Àṣàyàn ni ìyẹn. Ẹni tí "seriously" nìkan wà lápò rẹ̀ kò ṣàṣàyàn kankan.

Àwọn ará Yúróòpù náà ń ṣì í

Kí á má rò pé Áfíríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Sylviane Granger ní Yunifásítì Louvain ní Bẹ́ljíọ́mù gbé àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí Faransé jẹ́ èdè abínibí wọn sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn onílé Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ohun tó kọ ní 1998, ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń lo "completely" àti "totally" ju bó ṣe yẹ lọ, wọn kò sì lo "highly" tó. Ohun tó bá jọ èdè ilé wọn tó sì lè wọ ibi gbogbo ni wọ́n dì mú. Ìyẹn kò jìnnà sí "seriously" tiwa.

Gunter Lorenz wo ti àwọn ará Jámánì ní tirẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1990, ohun tó rí sì yẹ kó mú wa ronú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń fi agbára kún ọ̀rọ̀ ju àwọn onílé lọ, kódà níbi tí ọ̀rọ̀ kò ti nílò rẹ̀. Ẹni tí kò dá lójú pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo tó máa ń fẹ́ fi nǹkan tì í lẹ́yìn. Bí a bá ka lẹ́tà ìdámọ̀ràn fún iṣẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà wa, a ó rí i bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wo irú gbólóhùn yìí:

"I seriously recommend this candidate because I so much know her and she is really very hardworking."

Àpọ́nlé mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rí kan. "Recommend" fẹ́ "strongly" tàbí "highly". "Know" kò gba "so much". "Well" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ló sì máa ń wà. Ẹ má sì fi "full well" dípò rẹ̀, torí pé ìyẹn máa ń gbé ẹ̀sùn wọlé: pé ẹni náà mọ̀ nígbà tó fi ń ṣe é. "Really very" ò ràn án lọ́wọ́. Tí a bá tún un kọ, á di "I strongly recommend her. I know her well." Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹni tó ń kọ ọ́ sọ ohun kan tí obìnrin náà ṣe: ọjà tó tà, kíláàsì tó kọ́, ìwé ìṣirò owó tó tò tí kò fi sí kọ́bọ̀ tó sọnù. Ohun tó ṣe yẹn á wúwo ju "really" mẹ́wàá lọ.

Ọ̀nà tó wà níwájú

Irinṣẹ́ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ti wà tipẹ́. Ìwé atúmọ̀ BBI tí Morton Benson, Evelyn Benson àti Robert Ilson ṣe ní 1986 ń to àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá ara wọn rìn. Oxford gbé irú rẹ̀ jáde ní 2002, òun ni ó sì rọrùn jù fún akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ènìyàn ṣí níbẹ̀, á rí gbogbo àpọ́nlé tó máa ń bá a lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí gbólóhùn kan ṣe pọ̀ tó lórí Google kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe náà á mú iye ńlá wá. Ohun tó dára jù ni kí a wo irú ẹni tó kọ ọ́ àti irú ìwé tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí àwọn olùkọ́ yí ìbéèrè padà. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ni ìtumọ̀ "profusely", yóò ní "gan-an" ni, yóò sì gba máàkì, kò sì tíì mọ nǹkan kan. Kí a béèrè pé: báwo ni ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an ṣe ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì? Báwo ni ẹni tó kọ̀ ṣe ń kọ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí wọ́n sì wá àpọ́nlé rẹ̀. Nínú kíláàsì tí àwọn ọmọ Yorùbá bá wà, kí wọ́n kọ ti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: kọ̀ jálẹ̀, "flatly refuse", sẹ́ kanlẹ̀, "categorically deny", sùn fọnfọn, "sleep soundly", sunkún kíkorò, "weep bitterly". Ọmọ Hausa á ní tirẹ̀ láti fi kún un, ọmọ Bẹ̀rọ́mù náà á ní. Ìdí tí kíláàsì bẹ́ẹ̀ fi ṣe é ṣe ní Jos ju ìlú elédè kan lọ ni pé ẹ̀rí á wá láti ẹnu àwọn ọmọ fúnra wọn, kò ní jẹ́ ti olùkọ́ nìkan.

Kí àwọn òbí náà sì ṣe tiwọn nílé. Ọmọ tí wọ́n bá jẹ́ kó gbọ́ pé aṣọ pupa fòò àti pé òkè ga fíofío ti ń kọ́ etí rẹ̀ láti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ní méjì-méjì. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ "rain" lójú ìwé, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹni tó ń bá a rìn, yóò sì béèrè ẹni náà kó tó kọ ohunkóhun.